Irúgbìn Àlùbọ́sà Red Creole: Ohun Tó Dára àti Ohun Tó Kù Díẹ̀ Káàtó fún Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé

Nínú gbogbo irúgbìn ewébẹ̀ tí a lè rà sínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé, mi ò mọ èyí tí àwòrán ara àpò rẹ̀ ń fi òtítọ́ pamọ́ tó ti àlùbọ́sà. Orí ńlá tó pupa, tó ń dán, ni wọ́n máa ń yà síbẹ̀, ẹni tó bá sì wò ó yóò rò pé bí òun bá ti ní ilẹ̀ dáradára, omi àti sùúrù, irú orí bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì jáde. Ohun tí àwòrán kì í sọ ni pé àlùbọ́sà kọ̀ọ̀kan ní bí ọ̀sán ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó kí ó tó ta, ìyẹn kí ìdí rẹ̀ tó wú di orí, àti pé ẹni tó bá ra irú tí kò bá ọ̀sán agbègbè rẹ̀ mu lè tọ́jú ewé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù láìrí orí kankan wà jáde. Ìdí nìyí tí mo fi yàn láti yẹ irúgbìn kan ṣoṣo wò fínnífínní, èyí tí wọ́n ń pè ní Red Creole. Ó wà lára àwọn tó rọrùn láti rí rà nínú àpò kéékèèké, bí a bá sì gbìn ín síbi tó yẹ ẹ́, iṣẹ́ tó ń ṣe kọjá ohun tí àpò rẹ̀ ṣèlérí. Irúgbìn náà ni mò ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan pàtó, nítorí onírúurú ilé iṣẹ́ ló ń dì í tà.

Red Creole jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àlùbọ́sà Creole tí wọ́n ti ń gbìn tipẹ́tipẹ́ ní Louisiana, ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí ooru ti ń mú tí ọ̀rinrin sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Orí rẹ̀ kì í ṣe roboto pátápátá. Ó tẹ́ díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Èèpo rẹ̀ pupa, ó sì ní àwọ̀ elésè-àlùkò díẹ̀ nínú, ara rẹ̀ le, kò sì lómi púpọ̀. Ó ń ta lẹ́nu gan-an. Kì í tóbi: orí tí fífẹ̀ rẹ̀ bá tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10 ti ṣe dáadáa, ẹni tó bá sì ń wá orí ràgàjì tí yóò gbé lọ síbi ìdíje kò gbọdọ̀ retí rẹ̀ lọ́dọ̀ irú yìí. Ohun mìíràn tí mo kà sí àǹfààní ni pé kì í ṣe irúgbìn àdàlù, èyí tí wọ́n da irú méjì pọ̀ ṣe, nítorí náà bí a bá jẹ́ kí ó so, tí irú mìíràn kò sì dà pọ̀ mọ́ ọn, ọmọ yóò jọ ìyá.

Ọ̀rọ̀ gígùn ọ̀sán ni ó yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ yé kó tó sanwó. Àlùbọ́sà kì í fi ọjọ́ orí nìkan mọ ìgbà tó yẹ kó ta. Gígùn ọ̀sán ló ń wò jù lọ, ooru a sì máa bá a yára sí i. Láti ọdún 1920, nígbà tí W. W. Garner àti H. A. Allard, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ ní iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí wọn jáde lórí bí ewéko ṣe ń mọ̀ bóyá ọ̀sán gùn tàbí ó kúrú, ni ohun tó ti ń rú àwọn àgbẹ̀ lójú tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní àlàyé. Lónìí, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń pín àlùbọ́sà sí. Àwọn kan wà tí ń ta bí ọ̀sán bá ti tó wákàtí 10 sí 12, àwọn kan ń fẹ́ wákàtí 12 sí 14, àwọn tó kù kì í dá nǹkan kan ṣe àfi bí ọ̀sán bá gùn tó wákàtí 14 sí 16. Inú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní irú ọ̀sán kúkúrú, ni Red Creole wà. Ní agbègbè tó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí ọ̀sán kì í ti í jìnnà sí wákàtí 12 láti ọdún dé ọdún, irú ẹgbẹ́ yìí ni ó lè ta dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé Red Creole yẹ ẹni tó ń gbé nírú ibẹ̀, àti ẹni tó ń gbé títí dé nǹkan bí ìwọ̀n 35 ní àríwá tàbí ní gúúsù ìlà náà.

Bí a bá wá kọjá ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó ń gbé níbi tí ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń gùn kọjá wákàtí 16, tó sì fún Red Creole sílẹ̀ bí òtútù ti ń lọ, yóò rí i pé irúgbìn náà yóò gbọ́ àṣẹ láti ta nígbà tí kò tíì ní ju ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta, kì í yọ ewé tuntun mọ́, nítorí náà orí tí yóò jáde kò ní ju ọmọ ìka lọ. Kì í ṣe ilẹ̀ ló kọ̀ ọ́, kì í sì í ṣe irúgbìn náà ló burú. Bákan náà ni ti ẹni tó ń gbé nítòsí ìlà agbedeméjì ayé tó wá ra Ailsa Craig tàbí Walla Walla, tí wọ́n jẹ́ irú ọ̀sán gígùn, nítorí ìròyìn rere tó gbọ́ nípa wọn: ewé tútù yọ̀yọ̀ ni yóò máa rí, orí kò ní sí. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ àpò irúgbìn tí mo ti rí kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa èyí, tí wọ́n sì ráyè kọ bí àlùbọ́sà ti wúlò tó. Àpò Red Creole kan tó bá kọ ọ́ gbangba pé irú ọ̀sán kúkúrú ni ti fi hàn mí pé ẹni tó dì í bìkítà fún ẹni tó ń rà á.

Ohun kejì tí mo máa ń wá lára àpò ni ọdún tí wọ́n dì í, nítorí irúgbìn àlùbọ́sà kì í pẹ́ kú. Irúgbìn tòmátì lè wà nílé fún ọdún mélòó kan kó ṣì hù, ṣùgbọ́n ti àlùbọ́sà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn ọdún méjì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lè ti kú bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbóná tó sì lọ́rinrin. Àwọn onímọ̀ irúgbìn ní ìlànà kan tó wúlò púpọ̀ lórí èyí: bí omi inú irúgbìn bá fi ìdá 1 nínú 100 dín kù, tàbí bí ibi tó wà bá fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 5 tutù sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Èyí túmọ̀ sí pé ibi tí ẹni tó tà á gbé e kọ́ ṣe pàtàkì tó ọdún tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Àpò tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ nínú, tí wọ́n sì lẹ̀ pa pátápátá, dára ju àpò bébà lásán lọ fíìfíì, nítorí ọ̀rinrin kì í lè wọ inú rẹ̀. Mo ti ra Red Creole nínú àpò bébà lọ́dọ̀ ẹnì kan tó pàtẹ rẹ̀ sínú oòrùn, tí mo sì rí i pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló hù nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, mi ò ra irúgbìn àlùbọ́sà láti orí àtẹ tó wà níta mọ́, bó ti wù kó pọ́nni lójú tó.

Irúgbìn náà fúnra rẹ̀ dúdú, ó ní igun, ó sì hun jọ díẹ̀. Irúgbìn bíi 250 sí 300 ló máa ń wà nínú gíráàmù 1, nítorí náà àpò kékeré kan tó fún ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Kí a tó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó tọ́ kí a ka 20 sínú bébà rírọ̀ tó tutù, kí a ká a, kí a fi í sínú ọ̀rá kan síbi tó móoru díẹ̀, kí a sì tú u wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ìwọ̀n tí òfin irúgbìn Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ fún àlùbọ́sà ni pé kí 70 hù nínú 100. Bí 14 bá hù nínú 20 wa, a jẹ́ pé irúgbìn náà wà níwọ̀n. Bó bá jẹ́ ìdajì ló hù, a ó fún un nípọn sí i. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí tí a ó fi fi ebè wa ṣòfò lé e lórí. Red Creole tó bá jẹ́ tuntun kì í já mi kulẹ̀ nínú ìdánwò yìí, ó sì máa ń hù papọ̀ láìsí pé àwọn kan ti ń fi ọjọ́ púpọ̀ ṣíwájú àwọn kan.

Ní ti ìfúnrúgbìn, kò béèrè ohun tó ṣòro. Ilẹ̀ tí a fọ́ kúnná, tí a da ilẹ̀dú tó ti jẹrà dáadáa mọ́, tí kì í sì í le gbagidi lẹ́yìn omi, ni ó ń fẹ́. Kí a fi ìka fa ìlà tí jíjìn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, kí a fún irúgbìn náà sínú rẹ̀, kí a bò ó, kí a sì fi omi tó rọra ń sẹ̀ wọ́n ọn, nítorí omi tó bá ń ya lulẹ̀ yóò kó gbogbo rẹ̀ jọ sí igun kan. Bí ilẹ̀ bá móoru tó ìwọ̀n Celsius 20 sí 25, yóò yọjú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n 10 péré, ó lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ooru ilẹ̀ bá sì kọjá 30 lọ sí 35, híhù rẹ̀ a tún falẹ̀, ọ̀pọ̀ a sì bàjẹ́. Ẹni tí ooru ibùgbé rẹ̀ bá pọ̀ yóò jàǹfààní bó bá ṣe ìbòji díẹ̀ sórí ibi tó fún un sí títí yóò fi hù, kó sì ká ìbòji náà kúrò ní kíá, kí èhù má bàa máa na ọrùn wá ìmọ́lẹ̀.

Híhù àlùbọ́sà jẹ́ ohun tó wù mí láti máa wò. Kì í gbé orí jáde tààrà bíi ti àgbàdo. Ewé àkọ́kọ́ máa ń tẹ̀ sí méjì, ìtẹ̀ náà ni yóò kọ́kọ́ la ilẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà ni ṣónṣó rẹ̀ yóò fa ara rẹ̀ yọ, pẹ̀lú èèpo dúdú irúgbìn tó ṣì wà lórí rẹ̀. Ní àkókò yìí gan-an ni ilẹ̀ tó bá le yóò já a sí méjì, nítorí náà kí ojú ilẹ̀ má ṣe gbẹ rárá títí gbogbo wọn yóò fi nàró. Ṣùgbọ́n kí omi má sì dúró níbẹ̀. Àwọn èbu inú ilẹ̀, irú bíi Pythium, a máa kọlu ìdí èhù tí omi bá pọ̀ jù fún, tí èhù náà yóò rọ ní ìdí, tí yóò sì dojú bolẹ̀ láàárín òru kan. Red Creole kò ní agbára àrà ọ̀tọ̀ kankan lórí èyí. Àyè láàárín èhù, afẹ́fẹ́, àti omi òwúrọ̀ dípò omi alẹ́ ni ohun tí ń dáàbò bò ó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8 sí 10, nígbà tí ìdí èhù bá ti nípọn tó igi pẹ́ńsùlù, ó ti tó láti tún gbìn sórí ebè. Níbí ni Red Creole ti fi ara rẹ̀ hàn fún mi pé ó le: a lè hú u, kí a gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù, kí a gé díẹ̀ lára gbòǹgbò tó bá gùn jù, kí a sì tún un gbìn, yóò kàn rọ fún ọjọ́ díẹ̀ ni, yóò sì gbé orí sókè padà. Sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín ọ̀kan sí èkejì tó fún un, nítorí pé orí rẹ̀ kò tóbi púpọ̀. Kí a má ṣe rì í jù. Sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ti pọ̀ tó, nítorí ejìká orí àlùbọ́sà fẹ́ràn kí ó yọ sókè ilẹ̀ bó bá ń tóbi, ẹni tó bá sì ń wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó bí ẹni ń kọ ebè iṣu ń dá a lọ́wọ́ kọ́ ni.

Ìdí tí a fi ń tọ́jú ewé tó bẹ́ẹ̀ ni pé ewé kọ̀ọ̀kan ni ìpìlẹ̀ ipele kan nínú orí. Àlùbọ́sà tó ní ewé 13 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta yóò ní ipele tó pọ̀, ewé tó tóbi yóò sì fún un ní ipele tó nípọn. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta nígbà tó ní ewé 6 kò lè rí ohun tí yóò fi kún orí rẹ̀, bí a tilẹ̀ da gbogbo ajílẹ̀ ayé sí i lẹ́yìn náà. Àkókò tí gbogbo ìtọ́jú ti wúlò nìyẹn, láti ọjọ́ àtúngbìn títí di ìgbà tí ìdí rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Gbòǹgbò àlùbọ́sà kò jinlẹ̀, kò sì ní ẹ̀ka púpọ̀, sẹ̀ǹtímítà 30 òkè ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ mọ sí, nítorí náà bí ojú ilẹ̀ bá gbẹ, kò ní ibòmíràn tí yóò ti fa omi. Ewé rẹ̀ tóóró tó dúró ṣánṣán kì í sì í ṣíji bo ilẹ̀, kò lè bá koríko jà. Mo rí ọ̀rọ̀ koríko yìí gẹ́gẹ́ bí ibi tó nira jù lọ nínú gbígbin àlùbọ́sà láti inú irúgbìn, ó sì nira lọ́dọ̀ Red Creole bó ṣe nira lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ọwọ́ ni a fi ń tu ú, nítorí ọkọ́ yóò gé gbòǹgbò tó wà lókè. Bí a bá fi koríko gbígbẹ bo àárín ebè, iṣẹ́ náà á fúyẹ́ púpọ̀.

Ajílẹ̀ tó ní náítírójìn dára nígbà tí ewé bá ń dàgbà, ṣùgbọ́n kí a dá a dúró tí ìdí bá ti ń wú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọrùn yóò nípọn, kò ní gbẹ dáadáa, orí náà kò sì ní lè pẹ́ nílé. Ilẹ̀ tí kò kan jù, tí ìwọ̀n pH rẹ̀ wà láàárín 6 sí 7, ló fẹ́ràn.

Kòkòrò tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jù ni thrips, kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ju mìlímítà 1 sí 2 lọ, tó máa ń sá pamọ́ sí àárín ewé níbi tí wọ́n ti pàdé nísàlẹ̀, tó sì ń họ ara ewé títí yóò fi ní ilà funfun bíi fàdákà. Kòkòrò yìí máa ń pọ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbóná tó sì gbẹ. Àwọn kan tó ń ta Red Creole máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kòkòrò kì í sún mọ́ ọn, mi ò sì gba èyí; mo ti rí thrips lórí rẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé kì í tètè ṣubú lábẹ́ ìyọnu wọn, àti pé omi tí a bá fọ́n tagbáratagbára sí àárín ewé rẹ̀ láràárọ̀ ń dín wọn kù. Ní ìgbà òjò, ewu tó wà ni èbu Alternaria porri, tó ń fi àpá elésè-àlùkò sí ara ewé. Ewé tó bá tutù fún wákàtí púpọ̀ ni ó ń mú un wá, nítorí náà ó tọ́ kí a ṣètò ìgbà ìfúnrúgbìn kí orí má bàa wá gbó lásìkò òjò. Ẹni tí ọ̀sán àgbègbè rẹ̀ kò yí padà púpọ̀ láàárín ọdún kò gbọdọ̀ rò pé gbogbo ìgbà ni a lè gbin Red Creole. Òjò àti ooru ni yóò pinnu àkókò fún un.

Láti ọjọ́ ìfúnrúgbìn dé ìkórè tó oṣù 5 sí 6. Nígbà tí ọrùn bá rọ̀, tí ewé sì ń ṣubú fúnra rẹ̀, ó ti gbó nìyẹn. Bí ìdajì ebè bá ti ṣubú, kí a dá omi dúró, kí a má sì fi ẹsẹ̀ tẹ ìyókù lulẹ̀ bí àwọn mìíràn ti ń ṣe, nítorí ọrùn tó bá ṣẹ́ ń ṣílẹ̀kùn fún ìjẹrà. Lẹ́yìn tí a bá hú u, ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 ló yẹ kó lò lábẹ́ ìbòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, títí ọrùn rẹ̀ yóò fi gbẹ táútáú, tí èèpo òde yóò sì máa dún ṣẹ́ṣẹ́ bí a bá fọwọ́ kàn án.

Ní ọ̀rọ̀ ìtọ́jú sílé, mi ò tíì rí irú ọ̀sán kúkúrú tí mo lè fi ṣáájú Red Creole. Orí tó bá gbẹ dáadáa, tí a sì gbé síbi gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, a máa wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìhù, láìjẹrà. Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́ kó máa ta lẹ́nu: omi inú rẹ̀ kò pọ̀, ohun tó ní imí-ọjọ́ nínú sì pọ̀. Nígbà tí ọ̀bẹ bá ya ara àlùbọ́sà, àwọn ohun tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀ yóò pàdé, wọn yóò sì di èéfín tí ń mú omi yọ lójú. Ní ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ ní Jàpáànì fi hàn pé iṣẹ́ yìí ní èròjà tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí èyí tó ń fún un ní adùn. Ẹni tó bá fẹ́ àlùbọ́sà tí yóò jẹ ní tútù láìṣẹ́jú kò ní gbádùn Red Creole. Ẹni tó ń fẹ́ èyí tí òórùn àti adùn rẹ̀ kò ní sọnù lórí iná yóò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ó yẹ kí a fi wé Texas Early Grano 502, tí wọ́n gbé jáde ní Texas ní ọdún 1944, nítorí inú ẹgbẹ́ ọ̀sán kúkúrú kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Grano tóbi jù ú lọ, ó dùn, ó rọ̀, ojú kì í sì í ta ènìyàn púpọ̀ bó bá ń gé e. Ṣùgbọ́n omi tó pọ̀ nínú rẹ̀ kò jẹ́ kó pẹ́ nílé, ẹni tó bá kórè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà gbọ́dọ̀ yára lò ó. Tí àyè bá wà, mo máa ń dámọ̀ràn pé kí a gbin Grano díẹ̀ fún lílò kíákíá, kí a sì fi ibi tó kù fún Red Creole. Àwọn irúgbìn àdàlù tún wà, tí ìtàn wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1925 nígbà tí Henry A. Jones rí àlùbọ́sà kan ní Davis, ní California, tí òdòdó rẹ̀ kò lè mú àtọ̀ jáde, tó fi ṣeé ṣe láti máa da irú méjì pọ̀ láìsí ìyọnu. Orí wọn máa ń dọ́gba, wọ́n sì máa ń gbó lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ kórè. Fún ọgbà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a ti ń hú díẹ̀díẹ̀, mi ò rí ohun tí ó yẹ kí ó mú wa fi irúgbìn tí a lè gbìn láti ìran dé ìran sílẹ̀ nítorí ìdọ́gba.

Àwọn mìíràn á ní kí ló dé tí a kò fi gbin àwọn orí kékeré tí wọ́n ń tà fún gbígbìn, kí a sinmi lára irúgbìn. Ìyẹn yára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà jẹ́ ewéko ọdún méjì: ó ń ta lọ́dún àkọ́kọ́, ó ń so lọ́dún kejì. Orí kékeré tí a gbìn ti lo ọdún kan tẹ́lẹ̀, bí òtútù bá sì bá a, á yọ igi òdòdó sókè dípò kó tóbi. Irú tó sì wà lára wọn kì í pọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í sọ orúkọ rẹ̀ pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni a ti rí i pé orúkọ irú ni gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn ọ̀sán dá lé. Irúgbìn ló ń fún wa ní àǹfààní láti yan ohun tó bá ibùgbé wa mu.

Kò yẹ kí n fi bí a ṣe ń gba irúgbìn sílẹ̀ láìmẹ́nu bà á, nítorí ó wà lára ohun tó sọ owó tí a fi ra Red Creole di owó tó lérè. Kí a yan orí tó dára jù lọ, kì í ṣe èyí tó kù nílẹ̀, kí a sì gbé e síbi tó tutù díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó tún un gbìn, nítorí òtútù ló ń ta á jí láti yọ òdòdó. Níbi tí ìwọ̀n Celsius kì í ti í wá sílẹ̀ tó 10, èyí kì í rọrùn láìsí ẹ̀rọ amómitutù. Oyin àti eṣinṣin ni wọ́n ń gbé àtọ̀ láti òdòdó kan dé èkejì, nítorí náà bí àlùbọ́sà irú mìíràn bá ń yọ òdòdó nítòsí lásìkò kan náà, àwọn méjèèjì yóò dà pọ̀; àwọn tí ń ṣe irúgbìn tà máa ń fi nǹkan bíi kìlómítà 1.6 sí àárín wọn. Nínú ọgbà kékeré, a lè fi àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo orí òdòdó, kí a sì fi ọwọ́ pa àwọn òdòdó irú kan náà mọ́ra wọn láràárọ̀. Nígbà tí èso bá ya tí dúdú inú rẹ̀ hàn, kí a gé e kó tó gbọ̀n dànù.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá kí òun ra Red Creole, ìbéèrè tèmi ni bí ọ̀sán ṣe ń gùn tó níbi tó ń gbé, àti bóyá orí ńlá ló ń wá tàbí orí tó lè pẹ́ nílé. Ẹni tó wà láàárín ìwọ̀n 35 àríwá àti 35 gúúsù, tó ń wá èyí tó lè pẹ́, mo sọ fún un pé kó rà á láìṣiyèméjì, kó ra èyí tí wọ́n dì lọ́dún tó wà nínú rẹ̀, nínú àpò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kó sì di èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú ìgò olómorí pẹ̀lú ìrẹsì gbígbẹ díẹ̀ tí yóò fa ọ̀rinrin, kó gbé e sínú ẹ̀rọ amómitutù. Ẹni tó wà lókè ìwọ̀n 45, kó wá irú ọ̀sán gígùn. Ní ti àwọn tó ń di irúgbìn náà tà, ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ wọn kò pọ̀: kí wọ́n kọ irú ọ̀sán tó ń fẹ́, ọdún tí wọ́n dì í, àti iye tó hù nínú 100 nígbà tí wọ́n dán an wò, kí wọ́n kọ ọ́ sí iwájú àpò ní lẹ́tà tí ojú lè rí láìsí awò.